Màmá Leah Chase: Ọwọ́ Tó Se Ọbẹ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni Ìyáàfin Leah Chase, ìyá olóúnjẹ tó ni ilé oúnjẹ Dooky Chase ní ìlú New Orleans, jáde láyé ní ẹni ọdún 96. Mo ka ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn oníròyìn kọ nípa wọn nígbà náà, mo sì ń kà á títí di òní, nítorí pé ìfẹ́ ìyá náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan máa ń dùn mí nínú àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn. Bí òǹkọ̀wé bá ti dárúkọ Màmá tán, orúkọ àwọn àlejò ló máa ń tẹ̀ lé e: Martin Luther King jẹun níbẹ̀, Thurgood Marshall agbẹjọ́rò jẹun níbẹ̀, Ray Charles olórin jẹun níbẹ̀, George W. Bush àti Barack Obama náà jẹun níbẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tó burú nínú kí a sọ ọ́. Àmọ́ nígbà tí èèyàn bá fi máa kà á tán, yóò ti mọ àwọn tó jẹun dáadáa ju ẹni tó dáná lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó dáná náà ni mo fẹ́ sọ.

Miss Leah ni àwọn ará ìlú wọn máa ń pè wọ́n. Èmi kò bá wọn pàdé rí, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá fi ọdún tó lé ní àádọ́rin bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, Màmá ni n óò máa pè é.

Madisonville, ìlú kékeré kan ní òdì kejì adágún Pontchartrain ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ni Màmá gbé dàgbà. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní ọdún 1923 ni wọ́n bí wọn. Ọlọ́mọ púpọ̀ ni bàbá àti ìyá wọn, ìgbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 sì bá wọn nígbà èwe. Púpọ̀ nínú ohun tí ìdílé náà ń jẹ ló jẹ́ pé wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn ín, àwọn ọmọ sì máa ń lọ já èso sitọ́bẹ́rì lóko. Ẹni tó bá dàgbà báyìí kì í fi ojú yẹpẹrẹ wo ewé. Ó ti rí i nígbà tí ó ń hù, ó ti bẹ̀rẹ̀ kó o nílẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí a bá fi í ṣòfò, ebi ni yóò gba ipò rẹ̀. Nígbà tí a bá dé orí ọbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ mẹ́sàn-án tí Màmá fi lókìkí, ẹ ó rí ìdí tí mo fi sọ èyí.

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ Àgùdà fún ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Madisonville, nítorí náà wọ́n rán Màmá lọ sí ọ̀dọ̀ àǹtí wọn kan ní New Orleans láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St. Mary's Academy. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, wọ́n ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí lọ́wọ́ ọmọbìnrin nígbà náà. Wọ́n tilẹ̀ ṣe alábòójútó fún àwọn abẹ̀ṣẹ́ méjì kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yí ayé wọn padà ni iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ kan ní French Quarter, àdúgbò àtijọ́ tó wà ní àárín ìlú náà. Ibẹ̀ ni Màmá ti kọ́kọ́ rí bí inú ilé oúnjẹ ńlá ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú lè gbé àwo wọ yàrá yẹn, ó lè da omi sínú ife, ó lè nu tábìlì títí yóò fi máa dán, ṣùgbọ́n òfin ìyàsọ́tọ̀ kò gbà kí òun tàbí ìyá rẹ̀ tàbí ẹnikẹ́ni tó jọ ọ́ jókòó síbẹ̀ kí a sì bi í pé kí ni ó fẹ́ jẹ. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá fi ṣe ìbànújẹ́ lásán ni Màmá fi ṣe ẹ̀kọ́. Wọ́n ń wo bí a ṣe ń tẹ́ tábìlì àti bí a ṣe ń kí àlejò, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú.

Ní ọdún 1946 ni Màmá fẹ́ Edgar Chase Kejì, olórin jáàsì tó ń fọn kàkàkí, tó sì ní ẹgbẹ́ akọrin tirẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní Dooky bí wọ́n ṣe ń pe bàbá rẹ̀. Àwọn òbí ọkọ yìí ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní ọdún 1941 ní òpópónà Orleans ní àdúgbò Tremé, níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń di ẹran tàbí edé díndín sí láàárín, èyí tí wọ́n ń pè ní po'boy. Ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe ibi oúnjẹ nìkan. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá gba owó, ọ̀dọ̀ àwọn Chase ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ti máa ń sọ ìwé sọ̀wédowó wọn di owó, nítorí pé wọn kò ní báǹkì tó jẹ́ tiwọn ní àdúgbò. Ẹni tó bá gba owó tán yóò ra po'boy kan, yóò mu nǹkan díẹ̀, yóò bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, kí ó tó máa lọ sílé.

Ohun tí ojú Màmá ti rí ní French Quarter ni wọ́n gbé wọ inú ṣọ́ọ̀bù yìí. Wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn wọn ní ibi tí wọ́n lè jókòó sí pẹ̀lú iyì, kí aṣọ funfun wà lórí tábìlì, kí oúnjẹ wá bá wọn lórí ìjókòó. Wọ́n sì rò pé oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn òyìnbó ń jẹ lọ́hùn-ún. Ni Màmá bá se alákàṣà lọ́nà ti àwọn ará Faransé, èyí tí ó ní bọ́tà àti ìpara wàrà nínú, tí a ń pè ní lobster Thermidor. Àwọn oníbàárà wò ó, wọ́n kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n wá jẹ.

Nínú gbogbo ìtàn ìgbésí ayé Màmá, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, mo sì rò pé àwọn tó ń sáré lọ sórí ọ̀rọ̀ àwọn ààrẹ máa ń fo ohun tó ṣe pàtàkì jù dá. Alásè tó bá gbéra ga ìbá sọ pé àwọn oníbàárà náà kò lajú. Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n padà sídìí oúnjẹ Creole, oúnjẹ àwọn ọmọ Louisiana tí àṣà Áfíríkà àti ti Yúróòpù pàdé nínú wọn, èyí tí wọ́n jẹ dàgbà: gumbo, ìyẹn ọbẹ̀ wọn tó máa ń ki, adìẹ díndín, ìrẹsì, edé àti akàn inú omi Louisiana, ewé oko, ẹ̀wà pupa. Wọ́n fi alákàṣà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fi aṣọ tábìlì sílẹ̀. Oúnjẹ ilé ìyá èèyàn wá di ohun tí a ń gbé kalẹ̀ lórí aṣọ funfun, nínú àwo tó dára, fún ẹni tí ìlú náà kò fẹ́ kí ó jókòó níbikíbi. Mo gbà pé ìpinnu yìí tóbi ju oyè èyíkéyìí tí wọ́n fi dá Màmá lọ́lá lẹ́yìn náà lọ, títí kan ẹ̀bùn James Beard, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn alásè ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fún wọn ní ọdún 2016 fún iṣẹ́ gbogbo ayé wọn.

Nígbà tí ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú gbóná ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, yàrá òkè ní Dooky Chase di ibi ìpàdé. Òfin kò gbà kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ jókòó jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n ń jọ jẹun lókè yẹn, wọ́n sì ń jọ gbèrò. Àwọn ọlọ́pàá mọ̀. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé bí àwọn bá fọwọ́ kan ilé oúnjẹ yìí, gbogbo àdúgbò ni yóò dìde. Àwọn Freedom Riders tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì káàkiri Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún 1961 láti tako ìyàsọ́tọ̀ jẹun níbẹ̀. Ní ọdún 1965, ẹnìkan ju bọ́m̀bù lu ilé oúnjẹ náà. Màmá àti ọkọ wọn kò torí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, Màmá fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn yí ipa ọ̀nà Amẹ́ríkà padà nídìí abọ́ gumbo kan. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ọ, bí ẹni pé àwàdà ni. Èmi gbà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ní àtìmọ́lé, ẹni tí kò sùn, ẹni tí ẹ̀rù ń bà nítorí ohun tí ọ̀la yóò mú wá, kò lè jókòó gbèrò bí kò bá jẹun. Ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti ra adìẹ náà, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó fi iyọ̀ àti ata pa á, kí ó dín in, kí ó sì tún fọ abọ́ nígbà tí àwọn tó ń gbèrò bá ti lọ tán. Ìgbà tí a bá ń ka àwọn tó jà, ó yẹ kí a ka ẹni yẹn mọ́ wọn.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn tó jà náà mọ èyí. Rudy Lombard wà lára àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí wọ́n mú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960 nítorí pé wọ́n jókòó sídìí káńtà oúnjẹ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó ní òpópónà Canal, tí ẹjọ́ wọn sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì jàre ní ọdún 1963. Ní ọdún 1978, Lombard yìí kan náà àti alásè kan, Nathaniel Burton, gbé ìwé kan jáde, níbi tí wọ́n ti kó alásè aláwọ̀ dúdú 15 ní New Orleans jọ, tí wọ́n kọ orúkọ wọn, ìtàn wọn àti bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ wọn sílẹ̀. Màmá Leah wà nínú wọn. Ọkùnrin tó lọ sí àtìmọ́lé nítorí ẹ̀tọ́ láti jókòó jẹun padà wá dárúkọ àwọn tó ń dáná. Bí mo bá ń rántí èyí, orí mi máa ń wú.

Wàyí o, ọbẹ̀ náà. Gumbo z'herbes ni wọ́n ń pè é, Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ nìkan, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú Ẹtì Rere, ni Màmá máa ń sè é fún títà. Gumbo tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ máa ń ní ilá tàbí edé nínú. Èyí yàtọ̀, ewé ni. Àwọn ewé tí Màmá ń kó sínú rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án: ewé mustard, collard, ewé turnip, ewé bíìtì, ewé kárọ́ọ̀tì, kábééjì, létúùsì, spinach àti watercress. Iye ewé náà kò gbọdọ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Àwọn àgbà Creole sọ pé ewé kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá jẹ dúró fún ọ̀rẹ́ tuntun kan tí yóò ní láàárín ọdún.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ṣa ewé náà, wọ́n á fọ̀ ọ́ léraléra títí iyanrìn kò fi ní sí nídìí omi mọ́, wọ́n á sì gbé gbogbo rẹ̀ kaná pẹ̀lú àlùbọ́sà àti áyù. Ẹni tó bá ti gé ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ fún ọbẹ̀ ìnáwó rí mọ ohun tí mò ń sọ: ewé tó kún agbada dé òkè ni yóò rọ̀ wálẹ̀ tí a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wá a. Bí ewé bá ti jinná, wọn kì í da omi rẹ̀ nù. Wọ́n á yọ ewé, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, omi náà ni wọ́n á sì fi se àwọn ẹran. Ẹran pọ̀ níbẹ̀: ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan, oríṣi sọ́séèjì kan tí wọ́n fi èéfín yan àti òmíràn tó ta, tí wọ́n ń pè ní chaurice. Chaurice yìí ni wọ́n á kọ́kọ́ dín kí ọ̀rá inú rẹ̀ jáde. Wọ́n á da ìyẹ̀fun sínú ọ̀rá náà, wọ́n á máa rò ó kí ó má jóná, òun ni yóò mú kí ọbẹ̀ ki. Lẹ́yìn náà ni ewé lílọ̀, ẹran àti omi ewé yóò pàdé nínú ìkòkò kan, pẹ̀lú ewé thyme àti ata. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni wọ́n á wọ́n ẹbu ewé sassafras sí i, ẹbu tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Choctaw ti ń lò kí òyìnbó tó dé ilẹ̀ náà. Ìrẹsì funfun ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ẹran pọ̀ nínú rẹ̀ nítorí pé ọjọ́ kejì ni Ẹtì Rere tí àwọn Àgùdà kì í jẹ ẹran. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá, wọn kò sì fi ìgbàgbọ́ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibi ìdáná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ìlú ti ń sọ ọ́ di àṣà láti wá jẹ ọbẹ̀ yìí ní ọjọ́ yẹn, olówó àti mẹ̀kúnnù, adájọ́ àti awakọ̀. Ìtàn Obama náà wá láti ara gumbo. Nígbà tó ń du ipò ààrẹ, ó wá jẹun ní Dooky Chase, ó sì da ata inú ìgò sí gumbo tí wọ́n gbé fún un. Màmá bá a wí lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé ọbẹ̀ wọn dá wọn lójú. Ẹni tó ti fọ ewé tó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ọbẹ̀ òun ti pé.

Wọ́n fẹ́ràn àwòrán pẹ̀lú. Nígbà èwe wọn, aláwọ̀ dúdú kò lè wọ mùsíọ́ọ̀mù ìlú náà bó ṣe wù ú, Màmá sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó kọ́kọ́ wọ irú ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi iṣẹ́ àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú kún ara ògiri ilé oúnjẹ wọn: Jacob Lawrence, Elizabeth Catlett, àti John Biggers tó rin ìrìn àjò dé Nàìjíríà ní ọdún 1957. Ẹni tó wá jẹ adìẹ díndín lè gbé ojú sókè kí ó rí ara rẹ̀ lórí ògiri.

Ìbànújẹ́ kò yọ wọ́n sílẹ̀. Ní ọdún 1990 wọ́n pàdánù ọmọbìnrin wọn, Emily, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ náà, nígbà tó ń bímọ. Ọ̀fọ̀ irú èyí, n kò ní fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e. Màmá padà sídìí iná, ìyẹn ni ohun tí wọ́n mọ̀ láti fi ìbànújẹ́ ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina jà, àwọn odi tó ń dá omi dúró wó, omi sì ya wọ Tremé. Dooky Chase kún fún omi. Ọmọ-ọmọ wọn kan tètè kó àwọn àwòrán náà kúrò, ṣùgbọ́n ibi ìdáná bàjẹ́. Màmá ti pé ẹni ọdún 82. Ọkọ àti aya lọ ń gbé inú ilé onítáyà tí ìjọba pèsè, ní òdì kejì òpópónà, níbi tí wọ́n ti lè máa rí ilé oúnjẹ wọn láràárọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ ọdún 2006, àwọn ilé oúnjẹ mìíràn ní ìlú náà se gumbo z'herbes ní orúkọ wọn, wọ́n sì fi kó 40,000 dọ́là jọ fún àtúnṣe. Àwọn tí wọ́n jọ ń ta oúnjẹ, tí à bá máa pè ní abánidíje, ni wọ́n dìde yìí. Ní ọdún 2007, ilé oúnjẹ náà tún ṣí, Màmá sì tún ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i nínú jákẹ́ẹ̀tì alásè aláwọ̀ pupa tí wọ́n máa ń wọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn jákẹ́ẹ̀tì náà wà ní mùsíọ́ọ̀mù ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington báyìí.

Ọkọ wọn kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Nígbà tí àwọn náà lọ, ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter Claver ní Tremé ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún wọn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà, àwọn olórin sì fi fèrè àti ìlù sìn wọ́n gba òpópónà kọjá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe New Orleans fún àgbà tó bá lo ayé rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ló ń darí ilé oúnjẹ náà lónìí, wọ́n sì ń se gumbo z'herbes ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ síbẹ̀.

Bí ẹnìkan nínú ẹ̀yin tí ń ka èyí bá ń gbé ní Louisiana, tí ó sì ti jẹ ọbẹ̀ náà láti ìgbà tí Màmá ti lọ, jọ̀wọ́, kọ̀wé sí mi. Sọ bó ṣe rí lẹ́nu fún mi, bóyá ewé náà ṣì kúnná, bóyá chaurice yẹn ń ta tó, àti pé ta ni ó ń jí lóru báyìí láti fọ àwọn ewé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.